Ìṣirò Òógùn Igarashi

Ọdún méjìdínlógójì ni Minagawa Tazuko fi ṣírò oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìlú Nagaoka. Òun kọ́ ló ń sè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó mọ ohun tó wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan: iyọ̀ mélòó, ẹja mélòó, kálórì mélòó, ìyẹn agbára tí oúnjẹ ń fún ara, tí ara sì ń jó tán bí ẹ̀dá bá ń ṣiṣẹ́. Pẹ́ńsùlù ló fi ń ṣe é. Nígbà tí kọ̀ńpútà dé, ó jẹ́ kí kọ̀ńpútà ṣe tirẹ̀, òun náà ń ṣe tirẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kọ̀ńpútà ni wọ́n máa ń tún yẹ̀ wò.

Ó fẹ̀yìntì, ọkọ rẹ̀ kú, ó sì ku òun nìkan nínú yàrá méjì ní àjà kejì. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bí yìnyín bá ti bo ọ̀nà, ìdí tábìlì kúkurú tí iná mànàmáná ń mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná ni ó máa ń wà láti àárọ̀ di alẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú aṣọ òtútù.

Oṣù kìíní ni ariwo bẹ̀rẹ̀ lókè orí rẹ̀. Bí aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, gbì, gbì, gbì. A dákẹ́ díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi ara dà á fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀: Igarashi Nobuyuki, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ìrẹsì. Òun nìkan ló ń gbé, ó sì máa ń kí ènìyàn dáadáa lórí àtẹ̀gùn. Ní ọjọ́ kẹwàá, màmá Minagawa gòkè lọ bá a.

Òógùn bo ọkùnrin náà nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Màmá kò tíì la ẹnu tí ọkùnrin náà ti tẹríba. Ó ní òun mọ̀ pé ariwo òun ló gbé wọn wá. Ó ṣàlàyé pé dókítà ti kìlọ̀ fún òun pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ òun ń gòkè, yìnyín kò sì jẹ́ kí òun lè sáré níta, ni òun fi ra géèmù eré ìdárayá kan ní àlòkù. Ó ní kí wọ́n wọlé wá wò ó, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwà ìyájú.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kékeré kan dúró ní orí òkè. Bí Igarashi, tó di ọ̀pá géèmù mọ́wọ́, bá gbẹ́sẹ̀, ọkùnrin kékeré náà a gun òkè. Bí Igarashi bá ju ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́, òkúta a fọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kálórì méjìlélọ́gọ́fà.

Màmá wo iye náà títí. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti dé iwájú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

“Kílò mélòó lẹ sọ fún ẹ̀rọ yìí pé ẹ jẹ́?”

“Àádọ́rin, mà.”

Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àìmọye ọmọ ló ti gun ìwọ̀n lójú rẹ̀. “Igarashi, ta là ń tàn jẹ?”

Ọkùnrin náà yún orí. Ó jẹ́wọ́ pé méjìléláàádọ́rùn-ún ni. Ìwọ̀n ìgbà tí òun ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá fún ilé iṣẹ́ ni òun fún ẹ̀rọ náà. Ojú ń ti òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kò lójú.

“Ìwọ lo wá ń pàdánù,” ni màmá wí, kò sì pe “ẹ̀yin” fún un mọ́ láti ìgbà náà. “Ẹni tó gbé ẹrù wúwo gun òkè ló ń làágùn jù. Ara rẹ ni ẹrù yẹn. Iṣẹ́ tí o ṣe, ìwọ fúnra rẹ lo ní kí wọ́n dín in kù.”

Inú Igarashi dùn, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Màmá ní kó tún un ṣe, ó sì bọ́ aago ọwọ́ tirẹ̀ láti fi ka àkókò. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógún péré ni ọkùnrin náà fi mira. Ìyókù, ó ń yan òkè tí yóò gùn, ó ń mu omi, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ. Màmá mú ẹ̀yìn ìwé ìpolówó kan, ó ṣírò. Bí agbára tí jíjókòó jẹ́ẹ́ ń jó bá jẹ́ ọ̀kan, ti eré yìí tó mẹ́rin. Ó fi ìwọ̀n ọkùnrin náà sọ ọ́ di púpọ̀, ó tún fi àkókò sọ ọ́ di púpọ̀. Fún eré, ó lé díẹ̀ lọ́gọ́rùn-ún. Fún ìdúró, nǹkan bí ogún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹ̀rọ mu.

“Ìwọ dín ìwọ̀n rẹ kù, ẹ̀rọ ka ìsinmi rẹ mọ́ eré. Irọ́ méjì pàdé lọ́nà, wọ́n gbé ara wọn ṣubú,” ni ó wí.

“Kò sí wàhálà nìyẹn, mà.”

Màmá nawọ́ sí àpò bísíkíìtì fífọ́ tó wà lórí tábìlì, èyí tí ilé iṣẹ́ ń fi ta àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rẹ. Ó béèrè iye tó máa ń jẹ lẹ́yìn eré. Igarashi ní kò ju mẹ́fà lọ, nítorí pé òun ti làágùn. Màmá sọ fún un pé mẹ́ta nínú rẹ̀ ti kó gbogbo òógùn náà lọ.

Ọkùnrin náà ti àpò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, kì í ṣe láti gbẹ̀san, ó béèrè pé, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Kí lẹ jẹ lónìí?”

Bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè iṣẹ́, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Tíì láàárọ̀. Ìrẹsì abọ́ kékeré kan àti èso kíkan oníyọ̀ lọ́sàn-án. Tíì. Ọsàn kan. Pẹ́ńsùlù ń tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀. Nígbà tó ro ó pọ̀, kò tó ọ̀ọ́dúnrún. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò gbọdọ̀ jẹ bẹ́ẹ̀ kó fi sùn. Bí olùkọ́ kan bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá sí iwájú rẹ̀ nígbà kan, ì bá ti ránṣẹ́ pe òbí ọmọ náà.

Igarashi gbé ìwọ̀n rẹ̀ wá. Màmá gùn ún. Mẹ́rìnlélógójì. Nígbà tó fẹ̀yìntì, mọ́kànléláàádọ́ta ni.

“N kò mọ̀,” ni ó wí. Igarashi fún un ní àga, ó sì po tíì fún un.

Wọ́n jọ ṣàdéhùn lọ́jọ́ náà. Igarashi yóò tẹ́ ibùsùn àtijọ́ sílẹ̀ kí ó tó fò, yóò sì sọ òótọ́ fún ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, màmá yóò se ọbẹ̀ míísò tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe, yóò yan ẹja, wọn yóò jọ jẹ ẹ́. Màmá náà ń gba ọ̀pá géèmù díẹ̀díẹ̀, ó ń ti orí àga ju ẹ̀ṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kálórì mẹ́rìndínlógún. Igarashi ní kò tó ìdajì bísíkíìtì kan. Màmá ní kó gbẹ́nu dákẹ́, kó ka tirẹ̀.

Yìnyín yọ́ lẹ́bàá odò Shinano. Dókítà sọ fún Igarashi pé ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀. Ó ti di kílò mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, màmá gun ìwọ̀n tuntun tó rà fúnra rẹ̀, ó rí mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì lọ fọ ìrẹsì abọ́ méjì.