Ìka Ẹsẹ̀ Mi Méjì

Bí oníbàárà bá rí i pé mò ń tiro, á bi mí pé kí ló ṣe mí lẹ́sẹ̀. Mo máa ń sọ pé epo gbígbóná ni. N ò parọ́, epo ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ ọ́, inú mi kì í dùn, torí mo mọ ohun tó jẹ́ kí epo náà dà sí mi.

Dòdò ni mò ń dín tà ní Ìkirè, lẹ́bàá títì tí àwọn ará Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ń gbà kọjá. Èmi tí mò ń dín in, n kì í tọ́ ọ wò mọ́, nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, tó ń gbé ní Àpòmù, ní àìsàn kan náà, tiwọn tiẹ̀ ti pẹ́ ju tèmi lọ. Ọjọ́ kan náà la jọ máa ń lọ rí dókítà. A ó jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀gbọ́n mi á máa sín àwọn nọ́ọ̀sì jẹ, èmi á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. N kò ní ọ̀rẹ́ kankan tó tó wọn.

Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan ń bọ̀, dókítà sọ fún àwa méjèèjì pé ká má gbà á. Ó ní pẹ̀lú oògùn tí à ń lò, bí inú bá ṣófo, ṣúgà ara lè já wálẹ̀ lójijì, kí èèyàn sì dákú. Ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn. Ká sọ òótọ́, inú mi dùn. Ta ló máa dúró níwájú iná láti àárọ̀ tí kò ní fẹ́ mu omi?

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "O fẹ́ máa jẹun lójú títì nínú Ramadan? Kí wọ́n máa ní ọmọ bàbá wa nìyẹn? Èmi máa gbà á o." Bàbá wa ló ń pèrun ní mọ́sálásí nígbà ayé wọn, ẹ̀gbọ́n mi sì ni olórí ẹgbẹ́ asalátù àwọn obìnrin ní àdúgbò wọn. Ojú tì mí. Mo ní bí ẹ̀yin bá lè gbà á, èmi náà á gbà á.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìdájí, wọ́n á pè mí lórí fóònù kí n dìde wá jẹ sààrì. Ní ọ̀sán, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gún ìka wo ṣúgà tiwọn, wọ́n á ká ohùn wọn sórí fóònù, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi: "Àbúrò mi, tèmi dára o. Fọkàn balẹ̀, ó kù díẹ̀ ká ṣínu." Tèmi kì í dára ní tirẹ̀. Ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bò mí. Ṣùgbọ́n mo ń sọ lọ́kàn mi pé bí ẹni tí àìsàn tirẹ̀ pẹ́ ju tèmi lọ bá lè fara dà á, a jẹ́ pé ọ̀lẹ ni mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń dín dòdò tí àwọn èèyàn máa fi ṣínu lọ́wọ́ nígbà tí òòyì kọ́ mi. Wọ́n ní mo fa agbada epo mọ́ra bí mo ṣe ń ṣubú. Epo dà sí mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Egbò ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í tètè jinná, tèmi kọ̀ pátápátá. Wọ́n gé ìka méjì. Dókítà ní bí ojú egbò náà kò bá gbẹ, gbogbo ẹsẹ̀ ló kàn.

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà tí mò ń dúró de ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi, tí àárò ẹ̀gbọ́n mi sọ mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ṣí àwọn ohùn wọn lórí fóònù, kí n lè fi pa ìrònú rẹ́. Lẹ́bàá títì, ariwo tírélà kì í jẹ́ kí n gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lọ. Wọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ dákẹ́. Mo gbọ́ síbí tó ń kan abọ́. Mo gbọ́ ìyàwó ọmọ wọn tó ní, "Màmá, ṣé kí n fi ẹ̀fọ́ kún un?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dákẹ́, mò ń sọ̀rọ̀." Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ní kí n fọkàn balẹ̀, ó kù díẹ̀ ká ṣínu. Mo ṣí òmíràn, mo tún ṣí òmíràn. Síbí ni mò ń gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá wò mí, mo ṣí i sí wọn létí. Wọ́n tẹ́tí sí i títí tó fi tán. Wọ́n ní ojú ló ń ti àwọn, olórí asalátù kò lè ní òun ò gbààwẹ̀.

"Ìwọ ń jẹun," mo ní, "o wá ń jí mi sí sààrì?" Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò pe ẹ̀gbọ́n mi ní ìwọ rí.

Wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tí wọ́n fi báńdéèjì wé, wọ́n ní, "Mo rò pé ìwọ náà ń jẹ ni. Mo rò pé o gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọ̀bẹ lọ. Gbogbo ìgbà tí mò ń gbọ̀n lẹ́bàá iná, wọ́n rò pé irọ́ la jọ ń pa fún ara wa. Síbẹ̀, mo bo àṣírí wọn. Ọmọ ìyá mi ni wọ́n. Egbò náà gbẹ níkẹyìn, ẹsẹ̀ mi kò lọ, mo padà sídìí dòdò mi.

Lọ́dún yìí, nínú Ramadan, obìnrin kan láti Àpòmù bá mi níbi tí mo ti ń mu omi lọ́sàn-án gangan. Ó ya ẹnu. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ń mu omi? Ẹ̀yin tí Ìyá Asalátù ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa?" Ó ní ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ ọ́ ní ìpàdé pé àbúrò àwọn ní ìtọ̀ ṣúgà, síbẹ̀ ó gbààwẹ̀ títí epo fi jó o, ẹ̀san rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. "Èmi náà ní in. Ọ̀rọ̀ yín ló fún mi lágbára tí mo fi ń gbà á."

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe di ọ̀rá dòdò mú. Mo mọ gbígbọ̀n yẹn. Inú bí mi. Ìka ẹsẹ̀ mi tí wọ́n gé ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣe wáàsí! Mo gbé àpótí fún un, mo ní kó jókòó, mo bu omi.

"Ìyá Asalátù wa ńkọ́?" ó ní. "Àwọn náà ní in, wọ́n sì ń gbà á."

"Wọn ò gbà á," mo ní, n kò rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Wọn ò gbà á lọ́dún tí mo pàdánù ìka, wọn ò sì gbà á lọ́dún yìí, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Mu omi."

Ó mu ún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́. Wọ́n pè mí, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní mo dalẹ̀ àwọn.