Ẹ̀rọ Asiat Tó Ń Gbóòórùn Kòrónà

Ní ọdún tí kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, ìròyìn kan gba àdúgbò Deira ní Dubai kan láti ẹnu ọ̀nà metro títí dé etí omi níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀. Wọ́n ní obìnrin Yorùbá kan wà ní Al Majaz, ní Sharjah, tó tọ́jú ẹ̀rọ kan sínú fíríìsà rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dúdú, Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá, kì í lo iná, kì í lo bátìrì, kì í sì í purọ́. Bí wọ́n bá ti gbé e sún mọ́ imú ènìyàn, á ti mọ̀ bóyá kòrónà wà lára onítọ̀hún kí dókítà tó fi ọ̀pá tín-ín-rín yẹn tọ ihò imú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọlọ́lá kan ti wá bẹ obìnrin náà pé kó tà á fún àwọn, ó ní khalas, ó parí, òun kò tà. Ọkùnrin kan tí kò dé Sharjah rí láyé rẹ̀ búra pé òun fojú ara òun rí wáyà ẹ̀rọ tí kì í lo iná.

Asiat Ògúnjọbí ni obìnrin tí wọ́n ń wí. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ìdajì ibi tó kù jẹ́ òótọ́, ìdajì yẹn ló sì fẹ́ẹ̀ pa ènìyàn.

Asiat kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìdí káńtà ló ń jókòó sí ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Al Warqa, níbi tí géètì ilé kan ti ga ju ilé alájà méjì lọ ní Mushin. Ó ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀, ó ń bá wọn wá fáìlì, ó sì ń kí wọn. Àárọ̀ kùtù ló ń wọ bọ́ọ̀sì láti Sharjah, kó tó dé Dubai á ti mọ ibi tó ń dun ẹni tó jókòó tì í.

Nígbà tí àrùn náà dé, iye ẹni tó mú ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń kéde lójoojúmọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń sun bedspace, bẹ́ẹ̀dì àháyà nínú yàrá èrò, ní Al Rigga ní Deira, tí ẹnì kan sùn lókè orí rẹ̀ tí ẹnì kan tún sùn sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ti orílẹ̀-èdè ṣe? Ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn ló fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Asiat bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Kíkí ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Yorùbá lè fi ibà pamọ́ fún àjèjì, pàápàá bí visa rẹ̀ bá ti kú, ṣùgbọ́n a kò tíì bí Yorùbá tó lè sá fún ìkíni. Bí Asiat bá ti kúrò níbi iṣẹ́, á gbé fóònù, á pe ẹnì kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan: ilé ńkọ́, òwò ńkọ́, àwọn ará yàrá ńkọ́, ẹni bẹ́ẹ̀dì òkè ńkọ́, ikọ́ ìjọ́sí ńkọ́. Bí ẹni náà bá dáhùn kíá pé a dúpẹ́, yàrá náà dára. Bó bá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó dúpẹ́, Asiat ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé gbogbo rẹ̀ sórí status WhatsApp rẹ̀. Àdúgbò tó léwu á gba àwọ̀ pupa, èyí tó ń lọ síbẹ̀ á gba yẹ́lò, èyí tó rọ̀ á gba àwọ̀ ewé. Kò pẹ́ tí àwọn Yorùbá Dubai àti Sharjah kò fi lè ra tòmátì mọ́ láìwo status Asiat. Al Warqa kò kúrò nínú àwọ̀ ewé. Wọ́n ní kòrónà ń bẹ̀rù géètì. Al Rigga kò kúrò nínú pupa. Onílé bedspace kan ránṣẹ́ pé kó bá òun sọ ilé òun di yẹ́lò, òun á fún un ní àpò ìrẹsì kan. Pásítọ̀ kan àti ààfáà kan, tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan rí lórí ohunkóhun, para pọ̀ pè é lọ́jọ́ kan pé pupa tó wà lórí àdúgbò àwọn ń ba àwọn lórúkọ jẹ́. Asiat kí àwọn méjèèjì dáadáa, ó béèrè àwọn ará ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi pupa sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ irú wá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Olúkẹ́mi, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ni òun àti Asiat jọ ń gbé ní Al Majaz. Láti ọjọ́ tí Asiat ti gbé ike irú wọlé ni Olúkẹ́mi ti ń bá irú náà jà. Kò sí ọjọ́ tó ṣí fíríìsà tí kì í béèrè òkú ẹni tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀. Ìdílé ará India tó wà ní àjà òkè ti pe onílé títí pé kó wá wo páìpù tó bẹ́. Ó wá di ọjọ́ kan, Asiat ń se ọbẹ̀, ike irú wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Olúkẹ́mi fà á mọ́ra, ó fi gbé fóònù rẹ̀ dúró, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń wo fídíò. Kò bú irú, kò sì fọwọ́ bo imú. Asiat pa gáàsì, ó wò ó títí.

“Olúkẹ́mi, bú mi.”

“Kí ni kí n bú ẹ fún?”

“Dìde, wọ bàtà.”

Wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, kòrónà ni. Asiat ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn dókítà pé ó máa ń pa imú ẹlòmíràn kú, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló fojú rí i.

Àyẹ̀wò kò rọrùn nígbà náà. Ibi tí ènìyàn á ti sanwó wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti oníṣòwò tó wá ra ọjà, tí pápá ọkọ̀ òfurufú sì tì mọ́ ọn lẹ́yìn. Àgọ́ ọ̀fẹ́ kan wà ní Deira, ìlà rẹ̀ sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó fárùngbọ̀n kó tó tò á ti di onírùngbọ̀n yẹ́úkẹ́ kó tó dé iwájú. Gbémiga, ọmọkùnrin tó ń wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kẹ́rù lọ sí Lagos, gbà láti máa gbé àwọn tí ara wọn kò yá lọ, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kó gbé ju ènìyàn méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ta ni kó kọ́kọ́ gbé? Asiat ní kí irú sọ ọ́. Ó pọ́n irú sínú ọ̀rá kéékèèké, ó kó o fún Gbémiga pé kó pín in dé yàrá gbogbo. Ẹni tí kò bá gbóòórùn irú láàárọ̀ ni kó kọ́kọ́ wọkọ̀. Gbogbo ohun tó wí nìyẹn.

Irú sì ṣiṣẹ́. Ó mú àwọn kan tí wọ́n rò pé katá lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ̀ wá. Ẹ sọ fún wa pé ẹni tí ebi ń pa jù ni kó kọ́kọ́ bu oúnjẹ, kí ẹ tó yíjú padà, a ti ṣòfin pé ẹni tí ebi kò pa tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹun mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá ti gbóòórùn irú ti di ẹni tí kòrónà kò lè mú. Àwọn ènìyàn so ọ̀rá irú mọ́ ìṣó lẹ́nu ilẹ̀kùn, àlejò á fi imú kàn án kó tó wọlé, bí ẹni tó ń fi káàdì kan ẹnu ọ̀nà metro. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní Al Rigga kà báyìí pé: “Bedspace wà, kò jìnnà sí metro, gbogbo ará yàrá ló gbóòórùn irú.” Bí ọ̀rọ̀ náà sì ti ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì ni irú náà ń le sí i, títí ó fi di ẹ̀rọ.

Àsìkò yẹn ni ilé ìwòsàn Al Warqa ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Asiat ń gbóòórùn irú, ó ń gbóòórùn Dettol, ó ń gbóòórùn ẹja tí àwọn ará Philippines ń dín lójúlé kẹta. Èsì jáde: kòrónà wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀.

Kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tó fi rántí gbogbo ìṣó tí irú wà lórí rẹ̀ ní Al Rigga. Ó ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú voice note, ó fi ránṣẹ́ káàkiri: irú kò tó, òun gbóòórùn rẹ̀, ó sì mú òun, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Àwọn kan ní ilé ìwòsàn ti rà á, nítorí pé irú ń ba ọjà wọn jẹ́. Àwọn mìíràn ní ohùn rẹ̀ kọ́, wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n kan ṣàlàyé pé wọ́n ti há a mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì títí yóò fi jẹ́wọ́ ibi tó gbé ẹ̀rọ náà pamọ́ sí.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọjọ́ rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí Gbémiga pè é. Ọ̀rọ̀ yàrá Ọlájíre ni. Ọlájíre ń ra bàtà ọmọdé lọ sí Lagos, ó wá fún ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọ̀run sì tì mọ́ ọn lórí. Gbémiga ní ó ti ń wúkọ́ láti ìjẹta, ara rẹ̀ ń jó bí ààrò, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ àgọ́, nítorí pé ó gbóòórùn irú láràárọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tó sùn sísàlẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá Ṣíjú, àgbàlagbà tó ti pẹ́ jù ní Deira nínú gbogbo wọn. Láti kékeré ni mímí ti ń ni Bàbá lára, oògùn tó ń fà sẹ́nu kì í jìnnà sí ìrọ̀rí rẹ̀. Gbémiga tún sọ pé wọ́n máa tú àgọ́ ọ̀fẹ́ náà palẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọ̀la.

Asiat pe Ọlájíre lójú ẹsẹ̀. Ọlájíre ní òun kò bá ohùn tí wọ́n rà sọ̀rọ̀, ó gé fóònù.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní ara Asiat ti mọ́, kó máa lọ. Gbémiga ti ń dúró nísàlẹ̀ láti gbé e lọ sílé. Asiat ní kó yà sí Al Rigga ná. Àtẹ̀gùn ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀. Nígbà tó dé òkè, kò wọlé. Ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá irú, ìbòmú wà lẹ́nu rẹ̀. Ọlájíre jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ọrùn nínú ooru Dubai.

“Ẹ̀gbọ́n Ọlájíre, ẹ kú ilé o.”

“Asiat. Wọ́n ní wọ́n ti rà ẹ́.”

“Wọn ò tíì sanwó. Ara ńkọ́? Ikọ́ yẹn ńkọ́?”

Ọlájíre mí kanlẹ̀ kó tó ní a dúpẹ́. Asiat gbọ́ ọ, Ọlájíre náà sì mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ó wá ń ro ẹjọ́: ọkọ̀ òfurufú lè gbéra nígbàkigbà, bí wọ́n bá kó òun lọ síbi kan, ta ni yóò dúró ti ẹrù òun? Àti pé àárọ̀ òní gan-an, òun gbóòórùn irú.

Àwọn ará yàrá tó kù ti yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Asiat já ọ̀rá náà kúrò lórí ìṣó, ó sún ẹ̀yìn kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó fa ìbòmú sísàlẹ̀ kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀, ó fi imú kan irú.

“Báyìí náà ni mo ṣe gbóòórùn ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi lọ. Kòrónà sì wà lára mi.” Ó dá ìbòmú padà. “Mo fẹsẹ̀ ara mi wá, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ohùn mi kọ́. Ẹ̀rọ kankan ò sí nílé mi. Irú ni. Ti Ìbàdàn kọ́, Ìṣẹ́yìn ni màmá mi ti fi ránṣẹ́. Mo ní ẹni tí ò bá gbóòórùn ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ. Mi ò fìgbà kan sọ pé kí ẹni tó gbóòórùn ẹ̀ jókòó sílé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè gbóòórùn irú gbogbo Ìṣẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó wà lára yín pa Bàbá.”

Lábẹ́ Ọlájíre, lẹ́yìn kọ́tìnì, Bàbá Ṣíjú fa oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ọlájíre tú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà. Ó béèrè lọ́wọ́ Gbémiga pé ta ni yóò máa wo ẹrù òun. Gbémiga ní inú sítọ́ọ̀ àwọn ló wà, ẹsẹ̀ bàtà kan kò ní sọnù. Ó ní kí Bàbá náà múra, ìlà àgọ́ ti ń gùn, Asiat á wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Bàbá Ṣíjú ṣí kọ́tìnì. “Asiat, kí wá ni irú yìí wúlò fún?”

“Ọbẹ̀ ni, Bàbá,” ni Asiat wí, ó ń ti ọ̀rá náà bọ inú báàgì rẹ̀. “Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè.”