Ọ̀rọ̀ Ìdárò fún Ẹni Tó Ń Se Ẹ̀wà

Inú yàrá kan ní Ṣógúnlé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni ọ̀gá, èmi náà ni òṣìṣẹ́. Mo máa ń kọ́ ìkànnì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, ìbáà ṣe ilé ìwé, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀bù. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni mo sì máa ń fi ṣe é, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ kéré, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n lò. Ìgbéraga ni, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò nílé ìwé girama ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsọlọ̀. Ọmọ Èkìtì ni, opó ni, Èjìgbò ló ń gbé. Ibi yòówù tó bá ti rí mi, á na ọwọ́ sí mi, á ní, "Ọmọ mi nìyí o. Kọ̀ǹpútà ò lè fún un ní wàhálà."

Ìwé ńlá kan ni ẹgbẹ́ náà ń kọ orúkọ sí. Bàbá akọ̀wé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ fóònù, ló ń tọ́jú ìwé náà. Ìwé yẹn tó wọn. Èmi ni mo ní kò tó. Mo gbé irinṣẹ́ tí àwọn báńkì ń lò, mo fi kọ́ ìkànnì fún wọn. Tí akọ̀wé bá ti yí ipò ẹnì kan padà sí "olóògbé", ìkànnì á fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìdárò ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá akọ̀wé nìkan ló béèrè pé, "Tí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀, sà.

Ojú ìwé méjì ni mo ní lórí kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀kan wà fún ìdánwò, mo lè bà á jẹ́ bó ṣe wù mí. Èkejì ni ojúlówó tí ẹgbẹ́ ń lò. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé màá kun ọ̀kan ní pupa, ìmẹ́lẹ́ ò jẹ́ kí n ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo fẹ́ wo bí ọ̀rọ̀ ìdárò náà ṣe rí. Mo mú orúkọ tíṣà mi, torí òun ni mo mọ̀ jù nínú wọn. Mo yí i sí "olóògbé", mo tẹ̀ ẹ́. Lójú ìwé ìdánwò, orí kọ̀ǹpútà nìkan ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti hàn. Àmọ́ fóònù mi, tí mo ti fi kún ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, dún: ojúlówó ni mo ti tẹ̀ ẹ́.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Èjìgbò. Kí n tó débẹ̀, àwọn àgbàlagbà bíi méje ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀kan ká ọwọ́ lérí, ó ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà mi ṣílẹ̀kùn, ó jáde pẹ̀lú ṣíbí ìdáná lọ́wọ́. Ẹ̀wà ló ń sè. Ẹni tó ń sunkún ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", ó sì sá dé etí títì.

Tíṣà mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gba fóònù lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó kà á síta: "Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni a fi ń kéde ìpapòdà..." Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn. Ó rọra jókòó. Fóònù tirẹ̀ náà ń dún, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ni, ẹkún ọmọ náà sì ń ta sí gbogbo wa létí.

Nígbà tó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán, ó yíjú sí mi. "Kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ mi?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Àmọ́ níwájú gbogbo àwọn tí tíṣà mi ti fi mí yangàn fún, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ó jọ pé ẹnì kan ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, mà." Mi ò dárúkọ. Kò sídìí ẹ̀, torí èèyàn méjì péré ló lè yí ipò padà níbẹ̀: èmi àti bàbá akọ̀wé.

Nípàdé oṣù yẹn, wọ́n gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ bàbá náà. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣe é. Alága ní, "Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi jàre." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo retí pé á jà. Ó dìde, ó gbé ìwé ńlá náà fún alága, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Ojú tì mí, síbẹ̀ mi ò jẹ́wọ́ pé èmi ni.

Irinṣẹ́ àwọn báńkì yìí kì í gbàgbé nǹkan. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe lórí rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, àti ẹni tó ṣe é. Orúkọ mi wà níbẹ̀ gbangba. Nígbà tí mo délé, mo fi ojú ìwé tí àkọsílẹ̀ yẹn wà pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà rí i. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá náà wá bá mi ní Ṣógúnlé. Ìwé kékeré kan ló mú lọ́wọ́. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó fọwọ́ kan ìkànnì náà tàbí kò fọwọ́ kàn án, nítorí kò fọkàn tán an. Ó fi ìka sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo wà ní Oǹdó. Mi ò ṣí i rárá."

"Ẹ ti mọ̀, sà," mo ní.

"Láti ọjọ́ yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nípàdé?"

"Obìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀run dé ni," ó ní. "Ṣé kí n tún wá gba ọmọ tó fi ń yangàn lọ́wọ́ ẹ̀?" Ó ya ojú ìwé náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Èmi ò ní sọ ọ́. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ìwé náà lọ sí Èjìgbò nínú àpò mi. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tíṣà mi bu ẹ̀wà fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi nìyí o. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé wa àná pa mí sórí fóònù, ṣe ló sáré wá wò mí."

Mo ní ẹ ṣeun, mà, mo sì jẹ ẹ̀wà náà tán.