Ìgò Òkun tí Ràmátù Gbé Lọ

Òórùn kẹ̀kẹ́ bàbá mi la fi ń jí nílé wa. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tí èmi àti àwọn àbúrò mi ń sùn ló máa ń gbé e sí kí ìrì má bàa sẹ̀ sí i lára. Òórùn òróró tó fi ń pa ṣéènì rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti erùpẹ̀ iṣu tó gbẹ mọ́ ọn lára láti oko Bẹ̀sẹ́. Títí di òní, tí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ kọjá, inú mi máa ń dùn kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà ga, ó dúdú, ó sì ní irin gbọọrọ kan láàárín tí kì í jẹ́ kí ọmọdé lè dé orí ìjókòó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí a ń ṣe sí i. Abẹ́ irin la máa ń gùn. Wàá ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin yẹn lọ bá pẹ́dà tó wà lódìkejì, ìdí rẹ á yọ síta, kẹ̀kẹ́ á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwọ á dà sí èkejì. Ẹni tó bá rí ọ lókèèrè á rò pé ìwọ àti kẹ̀kẹ́ ń jà ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn, mo sì lè gun abẹ́ irin kí n tún gbé èèyàn sẹ́yìn. Èèyàn náà kì í yí padà. Ràmátù ni.

Bàbá Ràmátù wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta bàtà rọ́bà àti abọ́ tánganran ní ìta tó kọjú sí ilé wa. Wọ́n ń lọ mọ́ṣáláṣí, àwa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tí Iléyá bá dé, ilé wọn ni mo máa ń yó sí. Tí Nóẹ̀lì bá dé, ó di ilé wa. Nígbà vakáńsì ńlá ọdún tí mò ń wí yìí, tí ilé ìwé ti padé, ni bàbá rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ akẹ́rù máa wá kó wọn.

Ẹkún kọ́ ni a fi gbọ́ ọ. Ohun tí a sọ ni pé, "Òkun ńkọ́?"

Nítorí a ti pinnu pé àwa méjèèjì la máa jọ kọ́kọ́ rí òkun. Mẹ̀tírì, olùkọ́ wa, ti ya àwòrán ilẹ̀ wa sójú pátákó, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa odò Wẹ̀mẹ̀ wálẹ̀ láti òkè, ó wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀, títí ó fi kó o dà sínú òkun nísàlẹ̀ pátákó. Ní tiwa ní Ṣábẹ̀ẹ́, òkè la mọ̀. Àpáta ló ń wo ìlú wa látòkè. Òkun jẹ́ nǹkan tí ẹ̀rọ rédíò máa ń sọ. Ràmátù ní kò le rárá. "Odò yẹn kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ló wí. "A ó tẹ̀ lé e ni."

Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ sí mi bí mo bá da omi nù tàbí tí mo fọ́ abọ́. "Bẹ́nà, ojú rẹ ń sáré ju ẹsẹ̀ rẹ lọ." Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ojú mi ti dé òkun kí wọ́n tó lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dùbúlẹ̀, mo ní inú ń run mí. Ìyá mi fi àdí pa mí níkùn, ó bo ẹ̀kọ tí màá mu, ó kó àwọn àbúrò mi, wọ́n sì tẹ̀ lé bàbá mi lọ. Bí orin àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni inú mi san.

Ràmátù ti ń dúró lẹ́yìn ilé. Ó wọ bàtà rọ́bà tuntun tó jí nínú ọjà bàbá rẹ̀, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Ó di iṣu sísun àti wàgáṣì sínú ewé, wàgáṣì tí àwọn Fúlàní ń fi wàrà ṣe, ó sì mú ìgò òfìfo kan tí a máa fi bu òkun bọ̀. Mo ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin, ó fò jókòó sẹ́yìn, ó gbá mi mú níkùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parọ́ mọ́, a sì dorí kọ ọ̀nà òkun.

Mo fẹ́ kí ẹ rí wa lórí gúdúróǹ, títì ọlọ́dà. Akẹ́rù ń fun fèrè mọ́ wa, a ń juwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà a yà sí ọ̀nà ẹsẹ̀, a gba abẹ́ igi tíìkì, ewé rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ràmátù já ọ̀kan fi ṣe fìlà. A dé oko kajú, a dé igbó kan tí ọ̀bọ ti ń wò wá láìsọ̀rọ̀. Odò kéékèèké mẹ́ta la bá lọ́nà. Tí a bá dé ọ̀kan, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó gbé kẹ̀kẹ́ léjìká bí òkú ìgalà, a ó bọ́ sódìkejì. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹrẹ̀ gba bàtà ńlá náà lẹ́sẹ̀ Ràmátù. A wá a títí, ẹ̀rín ò jẹ́ ká rí i. Gbogbo ẹni tí a bá lóko la ń kí. Ràmátù á pariwo pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o! À ń lọ sókun!" Àwọn àgbẹ̀ á gbé orí sókè, wọ́n á dáhùn pé, "Ẹ bá wa kí i o!"

Lẹ́yìn náà igi tán. Omi ló wà níwájú wa.

Omi òjò ti kún odò náà kọjá ààlà. Ó ti bo pápá, ó ti gun igi dé ọrùn, ó ń hó, bó o bá sì wò títí o ò ní rí òdìkejì rẹ̀. Bàbá apẹja kan jókòó sí etí omi náà, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ràmátù kúnlẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé òkun nìyí?"

Bàbá náà wò wá. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo bí ẹrẹ̀ ṣe bò wá dé irun, ó gbé ojú sókè wo òjò tó ń ṣú bọ̀.

"Òun ni," ló wí. "Ẹ ti dé e. Kò sí ibì kankan mọ́ níwájú. Ẹ máa padà lọ sílé, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ẹ ò rí ijó! A jó títí kẹ̀kẹ́ fi ṣubú fúnra rẹ̀. A wá bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, a tọ́ ọ wò.

"Kò níyọ̀," mo wí.

"Iyọ̀ wúwo," ni Ràmátù dáhùn. "Ó ti lọ sísàlẹ̀." Ó rọ omi kún ìgò, ó sì mú kí a búra pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tọ́ òkun wò mọ́ láìsí ẹnì kejì.

Òjò ló sìn wá délé. Ràmátù ní kí n bá òun tọ́jú ìgò náà di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ìyá òun má bàa dà á nù. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba kẹ̀kẹ́, ó lóṣòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ. Ìyá mi ló bi mí níbi tí mo lọ. Nígbà tí mo dáhùn, ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wẹ̀mẹ̀ ni, Bẹ́nà. Wẹ̀mẹ̀ tó kún ni. Òkun ṣì jìnnà, ojú rẹ pàápàá á sá títí, kò ní dé ibẹ̀." Ó wá ní kí n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bẹ iṣu èlùbọ́.

Iṣu bíbẹ kọ́ ló dùn mí. Ràmátù ti ń sọ kiri fún gbogbo àdúgbò pé òun ti rí òkun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń lọ, n kò sì mọ̀ bóyá a ó tún ríra mọ́. Mi ò fẹ́ kó lọ láìrí òkun.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sáré wọ ilé ìdáná, mo na ọwọ́ sí igbá iyọ̀, mo da ìkúnwọ́ méjì sínú ìgò, mo mì í dáadáa. Omi náà pọ́n tẹ́lẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Ọkọ̀ ti ń gbóná nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Ràmátù na ọwọ́ láti orí ẹrù, ó ṣí ìgò, ó gbé e mu. Ojú rẹ̀ yọ síta. Ó wúkọ́, omijé ń dà.

"Bẹ́nà!" ló kígbe. "Iyọ̀ ti gòkè!"

Mo rò pé nítorí mi ló ṣe ń sunkún, èmi náà bú sẹ́kún, ọkọ̀ sì gbéra. Ọ̀sán ni ìyá mi din wàgáṣì, tó wá ń béèrè ẹni tó kó iyọ̀ tí òun po mọ́ ata gígún fún un. Mo ti fún ọ̀rẹ́ mi ní òkun aláta.

Agbẹ̀bí ni mí báyìí, Kútọnu ni mò ń gbé. Mo ń rí òkun lọ́sẹ̀ gbogbo láti ẹ̀yìn ọlọ́kadà, n kò fi ahọ́n kàn án rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé mò ń bẹ̀rù omi ni. Ọmọbìnrin Ràmátù ló wá mi rí lórí fóònù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìyá rẹ̀ wá ra aṣọ ní Kútọnu, ó ti di Àlàájà ńlá, ẹ̀rín rẹ̀ kò yí padà. A háyà kẹ̀kẹ́ méjì, a gba ọ̀nà iyanrìn tó lọ sí Wídà, abẹ́ àgbọn títí, igbó kékeré kan, ọ̀sà, afárá onípákó. Mo dé akoto. Mo di oògùn orí fífọ́ sápò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò kí a tó kúrò nílé, síbẹ̀ ní afárá kejì mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ tó gun abẹ́ irin yẹn kò mọ ọ̀nà, kò sì rò ó pé ó lè rẹ òun. Mo jowú rẹ̀.

A dé etí òkun. A lóṣòó, a bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, a tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ràmátù di ojú, ó ń gbà á sẹ́nu bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Bẹ́nà," ló wí, "ata ni kò tó."

"O mọ̀?" ni mo bi í.

"Bàbá mi ti sọ fún mi láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú pé odò ni. Mo gbé e pa mọ́ kí inú rẹ má bàa bàjẹ́. Ìgbà tí ata yẹn gbé mi lọ́fun lórí ọkọ̀, mo mọ̀ pé ìwọ náà ti mọ̀."

Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ òótọ́ fún àwọn aláboyún, bó ti wù kó le, mo sì máa ń fi yangàn. Irọ́ iyọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n kà sí rere fún mi. Ràmátù ti tú báàgì rẹ̀. Ó fa ọ̀rá kékeré kan yọ, ó bu iyọ̀ oníata sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó bu sí tirẹ̀, a bu òkun lé e, a dà á sọ́fun. A wúkọ́ débi pé àwọn tó ń fa àwọ̀n dáwọ́ dúró, wọ́n ń bi wá pé kí ló ṣe wá.

"Òkun ni o!" ni Ràmátù kígbe sí wọn, omijé ń dà lójú rẹ̀. "A ti dé e!"