Ọjọ́ Tí Mo Ju Ìkarahun Ìgbín Sínú Àgbàrá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú òjò o! Bó ṣe ń rọ̀ lu páànù lórí mi báyìí, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Pọbẹ̀, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba lé wa lórí ní Dahomey. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kí ẹ bá wí, ẹ fi mí sílẹ̀.

Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni mí. Oníṣòwò ni bàbá mi, gàrí àti àgbàdo ni wọ́n ń rà kiri ọjà. Àwọn ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Pọbẹ̀ kí n lè lọ sí ilé ìwé. Àwọn ará ilé wa kan bínú. Wọ́n ní kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi Faransé ṣe? Bàbá mi ṣáà mú mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ṣé ẹ rí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí? Láti kékeré ni!

Ọmọbìnrin mẹ́ta péré ni wá nínú kíláàsì wa, àwọn yòókù ọkùnrin. Èmi Sàlámátù, Akànkẹ́ àti Pọlínì. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ìsàbà ni Akànkẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá láràárọ̀. Bàbá Pọlínì ló ń kọ́ àwọn onígbàgbọ́ ní kátíkísì, òun nìkan ló sì ní bàtà nínú wa. A jọ ń jẹun, a jọ ń bá àwọn ọkùnrin jà. Kò sí ohun tí a kì í jọ ṣe.

Àfi ìgbà tí ìkarahun dé.

Ẹ̀yin àgbà tó lọ ilé ìwé láyé ìgbà yẹn ti mọ ibi tí mò ń lọ. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ Nàgó, ìyẹn Yorùbá wa, nínú ọgbà ilé ìwé. Faransé nìkan! Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mùsíé, wá lu ihò sí ìkarahun ìgbín ńlá kan, wọ́n ki okùn bọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ Nàgó lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n máa gbé e kọ́. Olúwarẹ̀ á wá máa ṣọ́ àwọn yòókù kiri. Bó bá ti gbọ́ Nàgó lẹ́nu ẹlòmíràn, á bọ́ ìkarahun, á fi kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Ọrùn ẹni tó bá wà nígbà tí a bá ṣíwọ́, òun ló máa dá dúró gbá gbogbo kíláàsì, á sì fọ ilẹ̀ rẹ̀ kó tó lọ sílé.

Ẹ wo ọgbọ́n! Mùsíé ò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́. Àwa fúnra wa là ń ṣọ́ ara wa.

Ojú ń tì mí láti sọ èyí, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dalẹ̀. Ìkarahun wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ kan, mo bá mọ̀ọ́mọ̀ fi gìgísẹ̀ tẹ Pọlínì lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ó ní, "Yé! Ìyá mi o!" Kíá, mo ti fi kọ́ ọ lọ́rùn. Pọlínì náà ò jáfara. Ó sáré bá Akànkẹ́, ó sọ fún un ní Faransé pé ìyá rẹ̀ ti dé, pé wọ́n ń wá a. Akànkẹ́ gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, "Níbo?" Ó parí! Akànkẹ́ ló gbá kíláàsì lọ́jọ́ náà, òkùnkùn ló sì bá a dé Ìsàbà.

Láti ìgbà yẹn, oníkálukú gba igun tirẹ̀ lọ. Bí mo bá sún mọ́ Pọlínì, á fọwọ́ bo ẹnu. Akànkẹ́ ò tilẹ̀ wo apá ibi tí mo wà. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kí ọ̀rọ̀ kún èèyàn nínú, kó má rí ẹni bá sọ ọ́? Ó dùn mí wọra.

Iléyá wá ku ọ̀la. Bàbá mi ti ránṣẹ́ pé kámíyọ̀ tó ń kó gàrí wọn máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa lọ́sàn-án, pé kí n dúró síbẹ̀ kí dírẹ́bà gbé mi. Wọ́n fi kún un pé ọkọ̀ ò ní dúró de ọmọdé o, torí ẹrù náà gbọ́dọ̀ dé Ṣakẹ́tẹ́ ṣáájú ọdún. Oṣù mélòó ni mi ò tíì fojú kan ìyá mi! Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti di ẹrù mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo bẹ ara mi gan-an. Mo ní Sàlámátù, lónìí nìkan ṣoṣo, jọ̀ọ́, pa ẹnu ẹ mọ́.

Àbí ẹ ò rí ayé! A ń kàwé lọ ní jẹ́jẹ́ ni alángbá kan bá já láti òkè, ó balẹ̀ pì sórí ìwé tó wà níwájú Mùsíé. Ta ló pariwo "Alángbá!"? Ta ni ẹ rò? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mùsíé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ìkarahun, wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn.

Bí mo bá dúró gbálẹ̀, ọkọ̀ á lọ, Iléyá á sì bá mi ní Pọbẹ̀. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀, àfi kí n rí ẹni tí n óò gbé e fún. Nígbà tí a jáde fún ìsinmi, mo ń yọ́ kẹ́lẹ́ lẹ́yìn àwọn èèyàn bí ológbò. Kò pẹ́ ni òjò dé.

Òjò Pọbẹ̀! Ojú ọ̀run ṣú dùdù, atẹ́gùn fẹ́, ó sì dà yàà. Gbogbo wa sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mùsíé wà nínú kíláàsì, wọ́n ń wo ìwé wa. Páànù ń pariwo débi pé bí o bá ń sọ̀rọ̀, ìwọ fúnra rẹ ò ní gbọ́. Síbẹ̀ gbogbo èèyàn pa ẹnu dé, wọ́n ń wo ọrùn mi. Bí mo bá yí síhìn-ín, wọ́n á sún sọ́hùn-ún.

Ni Akànkẹ́ bá bọ́ sínú òjò.

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Nílé wa, bí òjò bá ti ń ṣú, ìyá mi á ti kó gbogbo wa wọlé. Wọ́n ní ọmọ tí òjò bá pa, ibà ló máa bá sùn. Mi ò tíì fẹsẹ̀ ara mi wọ inú òjò rí láyé mi. Ọmọ yìí wá dúró sáàárín ọgbà, ó na ọwọ́ méjèèjì, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ni mo bá rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì. Ẹnu rẹ̀ ń mì! Mi ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ Faransé. Ta ló ń fi Faransé ṣeré òjò? Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo ti rí i mú! Mo bọ́ ìkarahun lọ́rùn, mo dì í mú, mo sì sáré bọ́ sínú òjò láti lọ mú ọ̀rẹ́ mi.

Háà! Omi yẹn tutù! Ó gba ẹ̀yìn ọrùn wọ inú aṣọ mi, mo fò sókè. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ Akànkẹ́ ni mo tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Orúkọ wa ló ń pè. "Sàlá! Pọlínì! Ẹ jáde wá, wọn ò lè gbọ́ wa níbí!"

Mo dúró gbagidi. Ìkarahun ti wà lókè lọ́wọ́ mi. Akànkẹ́ rí i, kò sì sá. Ó ní òun mọ̀ pé ọkọ̀ bàbá mi ń bọ̀, pé wọn kì í kúkú ṣe Iléyá nílé tiwọn, kí n fi kọ́ òun kí n máa lọ bá ìyá mi. Ó wá na ọrùn sí mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi! Kì í ṣe sí Akànkẹ́ o. Inú bí mi sí ara mi, inú bí mi sí ìgbín, inú bí mi sí okùn. Àgbàrá pupa ń sáré kọjá lẹ́bàá wa lọ sínú oko ọ̀pẹ nísàlẹ̀. Mo ju ìkarahun náà sínú rẹ̀. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó bá omi lọ.

Akànkẹ́ la ẹnu sílẹ̀. Ó ní mo ti kú lónìí. Ni ẹ̀rín bá pa àwa méjèèjì.

Pọlínì ò lè mú un mọ́ra mọ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gbé e síbi tó gbẹ, ó sì já wọ inú òjò pẹ̀lú igbe. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun ṣì ń dun òun! Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ó tì mí ṣubú. Bí a ṣe parí ìjà nìyẹn.

Akànkẹ́ ló kọ́ wa ní eré òjò bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìsàbà. Ó wọ́ imọ̀ ọ̀pẹ kan tó já wá. Ẹnì kan á jókòó sí ìdí rẹ̀ tó fẹ̀, àwọn méjì á máa fi eré fà á lórí ẹrẹ̀. Ẹ̀rù bà mí nígbà àkọ́kọ́, mo dì í mú, mo ń ké pe Ànábì. Nígbà kejì, èmi ni mo ń pariwo pé kí wọ́n túbọ̀ sáré! Ẹrẹ̀ wọ̀ mí nímú, ó wọ̀ mí létí. A tún fi amọ̀ dí àgbàrá, a jẹ́ kó kún, a tú u, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Pọlínì ṣubú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há sí wa lọ́fun láti ọjọ́ yìí wá jáde lẹ́ẹ̀kan. A sọ tilé, a sọ toko, a bú ara wa, a sọ ti alángbá. Nàgó kíkankíkan! Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọkùnrin ń wò wá, wọ́n ń dá itọ́ mì.

Òjò dá díẹ̀, agogo dún. A wọlé, omi ń kán tótó lára wa. Mùsíé wò wá látòkè délẹ̀, wọ́n sì béèrè ibi tí ìkarahun wà.

Mo dìde. Mo wá Faransé tí n óò fi sọ ọ́, mi ò rí. Kí ni wọ́n ń pe àgbàrá ní Faransé? Mi ò mọ̀! Mùsíé ní kí n sọ̀rọ̀. Mo gbé ẹnu sókè ní Nàgó, mo ní, "Ẹ má bínú, Mùsíé. Èmi ni mo jù ú sínú àgbàrá. Mi ò ní Faransé tí mo lè fi sọ ọ́."

Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Yéè!" Kò sí ẹni tó kà á sí i lọ́rùn. Mùsíé gbé ọwọ́ sókè bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ìkarahun kọ́ni, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ náà rọra sọ̀ kalẹ̀. Ègùn láti Àjàṣẹ́ ni wọ́n, Nàgó kì í ṣe èdè wọn, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Wọ́n wá ní kí n dúró gbálẹ̀ bí a bá ṣíwọ́, kí n sì fọ̀ ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a ṣíwọ́, Akànkẹ́ mú ìgbálẹ̀, Pọlínì lọ pọn omi. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn. Síbẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn pọ̀! Ẹsẹ̀ tiwa ló sì kó èyí tó pọ̀ jù wọlé. Nígbà tí a máa fi parí, oòrùn ti yẹ̀. A sáré dé ẹnu ọ̀nà, a ò rí ọkọ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà níbẹ̀ ní kámíyọ̀ kan ti fọn fèrè, ó ti lọ tipẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Pọlínì ló ní ká ṣáà rìn dé ojú ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́, bóyá a máa rí ọkọ̀ mìíràn. Àwa mẹ́ta di ara wa lọ́wọ́ mú. Ìgbà tí a dé ìpẹ̀kun ìlú, kí ni mo rí? Igi gbọọrọ kan dábùú ọ̀nà, àwọn ọkọ̀ sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Faransé ní òfin kan nígbà náà pé bí òjò bá ti rọ̀, ọkọ̀ ẹrù ò gbọdọ̀ tẹ ọ̀nà wọn títí ilẹ̀ á fi gbẹ, kó má baà bà á jẹ́. Ta ló jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, tó ń bú ẹni tó ṣe òfin? Dírẹ́bà bàbá mi! Ó wò mí, ó ní ọmọ ta ni wọ́n fi ẹrẹ̀ mọ báyìí?

Òfin Faransé kan fẹ́ kí n pàdánù Iléyá, òfin Faransé mìíràn dá ọkọ̀ dúró dè mí! Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Dírẹ́bà ní n ò ní fi ẹrẹ̀ gun àpò gàrí òun, àfi bí mo bá wẹ̀. Inú àgbàrá ni Akànkẹ́ àti Pọlínì ti wẹ̀ mí. Nígbà tí wọ́n gbé igi kúrò, tí ọkọ̀ ṣí, àwa mẹ́ta ń fi Nàgó pariwo ìdágbére síra wa títí a ò fi rí ara wa mọ́. Ìyá mi gbọ́ pé òjò pa mí, gbogbo ọjọ́ ọdún ni wọ́n fi ń fọwọ́ kàn mí lọ́rùn, wọ́n ń retí ibà. Ibà ò dé o!

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Lẹ́yìn ọdún Iléyá, Mùsíé ti gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì fi okùn sí i. Ọrùn dé ọrùn ló tún ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò tún rọ̀ ní àkókò ìsinmi, Akànkẹ́ bọ́ síta, èmi àti Pọlínì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan bọ́ síta. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo kíláàsì ti wà nínú òjò, wọ́n ń fa imọ̀ ọ̀pẹ, Nàgó ń dà lẹ́nu gbogbo wa! Ẹni tí igi wà lọ́rùn rẹ̀ ti gbé e kọ́ ara fèrèsé, òun náà ti wà nínú ẹrẹ̀. Mùsíé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n dúró wò wá. Wọ́n mú igi náà kúrò lára fèrèsé, wọ́n dì í mú sẹ́yìn, wọn ò sì pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Èmi ò sọ pé kí ọmọ má kọ́ Faransé. Mo kọ́ ọ, mo sì fi ṣòwò jẹun. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ní kí o máa ṣọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, ọ̀rẹ́ náà ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yin ìyá òde òní tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ bí òjò bá ṣú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde díẹ̀. Bí kò bá sí mànàmáná, kí ni òjò máa fi wọ́n ṣe? Ẹ nu ara wọn, ẹ fún wọn ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó tán.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀yin lọ́rùn nílé ìwé, ta ni ẹ sì fi kọ́ lọ́rùn? Ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú, èmi ti sọ tèmi. Bí ẹ bá sì ṣì rí ọ̀rẹ́ tí ẹ tẹ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà náà, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí. Pọlínì ṣì ń sọ pé ìka ẹsẹ̀ yẹn ń dun òun!