Aṣọ Tó Mọ́ Létí Odò

Ìdérí agolo bisikíìtì náà le, eékánná ni mo fi ṣí i. Ìdì bébà dúdú kan ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e bọ́ sí àgbàlá níbi tí oòrùn ti ń ta, mo tú bébà náà, mo sì na fíìmù tó wà nínú rẹ̀ sókè. Mo fẹ́ rí ìyá kan tí bàbá onílé wa yà létí odò Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tó ṣáájú, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. N ò rí ẹnikẹ́ni. Fíìmù náà ń dán, ó ṣófo, ó sì ń ká mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wé e padà bí mo ṣe bá a, mo dé agolo náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

Bàbá ayafọ́tò ni onílé wa ní Ẹdẹ. Yàrá tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò kò ní fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ a máa pa àwòrán inú fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀ rẹ́. Iná pupa kan ló wà níbẹ̀, omi a máa kán tó, tó, tó sínú bàsíà, òórùn oògùn fọ́tò tó kan bí ògì ọjọ́ karùn-ún a sì máa bá wọn lọ títí dé mọ́ṣáláṣí. Àwọn ayafọ́tò yòókù ń jókòó de ọlọ́mọ tuntun àti ọlọ́dún. Ní ti Bàbá, bí ọwọ́ wọn bá ti dilẹ̀ báyìí, wọ́n á so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di odò. Wọ́n ya apẹja tó gbé ìgèrè lé èjìká. Wọ́n ya àwọn tó ń wa yanrìn. Wọ́n ya ilé tí omi gun ògiri rẹ̀, pẹ̀lú onílé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé àlejò ló dé. Bí fọ́tò bá gbẹ, wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ ohun tí ẹni inú rẹ̀ ń ṣe sí ẹ̀yìn. Wọ́n ní odò ń lọ, ẹni tó ń pọn ún náà ń lọ, ó yẹ kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ agolo yẹn, wọ́n mú mi dání. Aṣọ ń dún pọ̀, pọ̀ lórí àpáta, ìfófó ọṣẹ dúdú ń bá omi lọ. Bàbá dúró, wọ́n ń wo odò, wọn ò tètè yà á. Ìyá kan nínú àwọn tó ń fọṣọ wá gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ ti ń wo odò yìí tipẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ fi ṣaya ni?"

"Ó ti lọ́kọ, ìyàwó. Ẹja ló fẹ́ ẹ."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Inú ẹ̀rín yẹn ni Bàbá ti tẹ kámẹ́rà. Ọmọbìnrin ìyá náà dúró tì í, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé tòsì bí lékeléke, ó ń wò mí.

Nígbà tí Bàbá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù náà, wọ́n pè mí.

"Ta ló ṣí agolo yìí?"

"N ò mọ̀, Bàbá."

Wọ́n wo eékánná mi tó ti ya. Mo ká ọwọ́ náà pọ̀.

"Ó dáa. Oòrùn ti rí wọn ṣáájú wa."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ṣéènì kẹ̀kẹ́ wọn, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, ó ń lọ sọ́nà odò. Wọn ò pè mí. Mo sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná, torí mo gbà pé ìyà mi nìyẹn.

Ọyẹ́ ọdún náà kò bá ìyá tó ń fọṣọ yẹn láyé. Ọkọ rẹ̀ kó ọmọ lọ sí oko wọn ní Ara. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, èmi ti di olùkọ́, mo rí obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ ní Sẹ̀kọ̀nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí tòsì. Mo ti mọ ẹni tí í ṣe kó tó dá mi lóhùn. Ọdún mọ́kànlélógójì la fi ṣe tọkọtaya.

Kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀ kankan. Nígbà mìíràn, ó máa ń sọ fún mi pé bàbá ayafọ́tò kan ya àwọn rí, pé ìyá òun ru aṣọ tó mọ́ lọ sódò, ó sì fọ̀ ọ́ nítorí fọ́tò. Yóò rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìyá náà kò fẹ́ kí wọ́n rí aṣọ ìdọ̀tí lọ́wọ́ òun ni. Ó ní òun ì bá wá ilé ayafọ́tò náà lọ. Mo ní wọ́n ti kú, òótọ́ sì ni. N ò sọ pé ilé wọn ṣì wà, n ò sì sọ pé èmi ni mo na fíìmù ìyá rẹ̀ sí oòrùn. Bí àwọn ọmọ wa bá bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe rí, á máa wá ọ̀rọ̀ tì, èmi á sì dìde bí ẹni tó níṣẹ́ níta. Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá. N ò tíì sọ fún un.

Lóṣù tó kọjá, àbíkẹ́yìn Bàbá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ sí mi pé òun ti kó àwọn fọ́tò odò náà kọ́ sí ilé ìkàwé. Díẹ̀ ló kù kí n má lọ. Mo rí apẹja, mo rí àwọn oníyanrìn, mo rí onílé inú omi. Àyè tó ṣófo, níbi tó yẹ kí ìyá àti ọmọ náà wà, ni mò ń wá. Ìgbà tí mo dé ìpẹ̀kun ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ìyá náà na aṣọ funfun kan lórí àpáta, kò sí ìfófó ọṣẹ nínú omi. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í, ó fún ẹnu pọ̀ bó ṣe máa ń ṣe tí mo bá pẹ́ délé.

Mo jókòó. Ọmọ Bàbá gbé omi wá.

"Báwo lo ṣe rí èyí?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, bọ̀dá mi."

Ó yọ ọ́, ó yí i padà. Ọwọ́ Bàbá ni, pẹ́ńsù ni: *Ìyá àti ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Aṣọ tó mọ́ ni wọ́n bá mi fọ̀, torí ọmọ inú ilé mi fi ti àkọ́kọ́ han oòrùn. Wọ́n ti kó lọ kí n tó rí wọn fún ní fọ́tò náà. Ẹ má bá ọmọ náà wí.*

"Èmi ni ọmọ náà," mo ní.

"Èmi ò tíì rìn nígbà yẹn. Ta ló kù?"

Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni omijé ń bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ìrun alásárì, mo mú ẹ̀dà fọ́tò náà lọ sí ibojì ìyàwó mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfo ìkankan. Ká ní mo ti sọ ọ́ nígbà tó wà láyé ni, a ì bá ti jọ rí i. Ìyẹn ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi gbogbo ayé mi pè ní ìbínú Bàbá kì í ṣe ìbínú. Torí tèmi ni kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe ń lọ sódò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Fọ́tò náà wà lórí tábìlì báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú ìyàwó mi. Lánàá, àwọn ọmọ wa wò ó títí, wọ́n sì bi mí pé kí ló dé tí ìyá ìyá àwọn ń fọ aṣọ tó mọ́.

Mo ní kí wọ́n jókòó.