Ọ̀bọ Tí Kò Tíì Mí Tó

Ẹ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi náà ń fi ara mi ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ fún mi, ojú mi méjèèjì ló rí i. Bí mo bá purọ́, kí gbogbo epo tí mò ń tà ní Kuje lẹ́bàá Festac níbí dà sílẹ̀.

Bàbá kan wà ní Festac, Dádì la máa ń pè wọ́n. Músíọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú òkú ẹran sínú ìgò, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ilé ìwé kan ní àdúgbò Raji Rasaki wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá àwọn tún ìgò òkú ẹran àwọn dé: ejò, ọ̀pọ̀lọ́, ẹja, gbogbo wọn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú kẹ́míkà bí ẹni ń jayé. Bí ìgò ò bá dé dáadáa, kẹ́míkà yẹn á gbẹ, ẹran á bàjẹ́. Ọwọ́ Dádì sì ti ń gbọ̀n, ni wọ́n bá mú èmi lọ, torí bí mo bá dé ìgò epo, kì í jò.

"Ìyá Elépo, nu ẹnu ìgò kó gbẹ dáadáa kí o tó fi gírísì sí i."

"Dádì, ṣé àwọn òkú ẹran yìí fẹ́ sá lọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀sán gangan ni. Ọlidé ni, kò sí ọmọ ilé ìwé kankan nítòsí. Kẹ́míkà ń ta Dádì nímú, wọ́n jáde lọ gba atẹ́gùn. Ó ku ìgò ọ̀bọ kékeré kan. Ó ká jọ bí ìkókó, ó dijú. Mo tẹrí ba, mò ń fi gírísì pa ẹnu ìgò rẹ̀.

Ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ gbà mí gbọ́, ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n á kí kú iṣẹ́ tí kò ní dáhùn? Mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Òo, ẹ ṣé o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dé e. Mi ò tíì mí tó."

Mo ní, "Dádì, ẹ yéé dẹ́rù bà mí, mi ò tíì jẹun."

Mo yíjú. Kò séèyàn. Dádì wà níta lábẹ́ igi, mò ń rí wọn látojú fèrèsé.

Mo wo ìgò. Ọ̀bọ ti lajú. Ó ti tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ara ìgò.

Ọmọrí bọ́ lọ́wọ́ mi. Dádì sáré wọlé. Mo ròyìn tán, wọ́n ní ooru ló mú mi. Wọ́n gbé ọmọrí, wọ́n dé e fúnra wọn, pinpin. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀, kò gbọ̀n rárá.

Láti ọjọ́ yẹn ni Dádì ò ti lè mí délẹ̀ mọ́. Gbogbo fèrèsé ilé ni wọ́n ṣí sílẹ̀, òjò ń bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan.

Lánàá, ọmọbìnrin wọn pè mí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Àǹtí, Dádì ní kí ẹ bá àwọn lọ ṣí ìgò ọ̀bọ yẹn."

Mo fẹ́ràn bàbá yẹn o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i, ta ló máa mí, Dádì ni àbí ọ̀bọ? Mo ti wọ bàtà, mo ti bọ́ ọ, mo tún ti wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ohùn kan bá bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì dé nǹkan, ẹ má sọ pé ooru ni.